Eré Omi Tí Ẹnikẹ́ni Ò Kú Nínú Rẹ̀

Ọ̀gá mi Mudaṣíírù, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè ní Ọ̀gá Múdà, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, pé òǹgbẹ a máa gbẹ páìpù bó ṣe ń gbẹ ènìyàn. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. A jókòó lẹ́bàá gọ́tà kan nítòsí Costain, à ń jẹ búrẹ́dì, ó wá na ìka sí ilẹ̀.

"Páìpù tó wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn," ó ní, "bó o bá fún un lómi, á fún ẹ lómi. Ṣùgbọ́n bó o bá ti omi mọ́ ọn, tí ẹlòmíì tún wà lókè tó ń fa ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, yóò wá nǹkan mìíràn mu. Kò ní béèrè pé irú omi wo ni. Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọṣẹ́, páìpù kan mu gọ́tà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta. Àwọn tó mu ohun tí páìpù mu, ilẹ̀ ló gbà wọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ń ṣe mí. "Ọ̀gá, ẹnu wo ni páìpù ní tó fi ń mu omi?"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ibi tó bá ti ń jò, ẹnu rẹ̀ nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ ti bi mí títí nípa iṣẹ́ omi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń ṣí omi, tí mo fi ń ti omi, ní Sùúrùlérè, ní Yábàá, ní Muṣin, débi pé àwọn ará àdúgbò gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí, Fáàfù ni wọ́n ń pè mí. N ó sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Eré kan tí wọ́n pè mí sí ní Yábàá ló dá ìbínú náà sílẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn nínú. Àbúrò bàbá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà sì mọ ẹnì kan. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń bọ́ni, kì í sọni di olówó. Ọ̀rọ̀ ìyẹn tán.

Ohun tó gùn ni ẹ̀kọ́. Ọ̀gá Múdà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kan tó jẹ́ irin, ó ga dé mi láyà, orí rẹ̀ dà bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Òun la fi ń ṣí fáàfù. Fáàfù ni ilẹ̀kùn omi. Inú ihò ni wọ́n ń gbé e sí lábẹ́ títì, wọn a fi ọmọrí irin bò ó. Ènìyàn á tẹ kọ́kọ́rọ́ bọ inú ihò náà, á máa yí i. Ìwọ̀n yíyí tí fáàfù kọ̀ọ̀kan ní, kò sí nínú ìwé kankan. Orí Ọ̀gá Múdà ló wà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tẹ́júoṣó, ìgbà mọ́kànlélógún ni, ìkejìlá rẹ̀ sì le bí òkúta. Èyí tó wà ní Ojúẹlẹ́gba, mẹ́rìndínlógún. Bó o bá yí i kọjá, o ti bà á jẹ́. Bí kò bá pé, àdúgbò kan ti sùn láì rómi. Bó o bá sì ṣí i kíákíá bí ẹni tí wọ́n ń lé, omi á fi orí sọ páìpù, páìpù á bẹ́.

Ẹ wá mọ àwa Yorùbá. Àgbà kì í kí ọmọdé kí ọmọdé má dáhùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ Tẹ́júoṣó, mo ti yí fáàfù dé ìgbà kẹsàn-án, ìyá àgbà kan dúró tì mí.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, mà. Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ara wọn le?"

Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi, bàbá mi, ọmọ ìlú ibo ni mí, gbogbo rẹ̀ la sọ. Nígbà tí ìyá lọ tán, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀sán-án ni mo wà tàbí ìkọkànlá. Mo fojú díwọ̀n rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni ìdajì òpópónà kan kò fi rí omi.

Ọ̀gá Múdà kò lù mí. Ì bá lù mí, ì bá sàn. Ó ní, "Ìwọ lo jẹ́ kí òǹgbẹ gbẹ wọ́n. Gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ lé èjìká, kó o lọ bẹ̀ wọ́n nílé-nílé." Mo lọ. Àbúkù ọjọ́ yẹn, mi ò gbàgbé ẹ̀. Obìnrin kan wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìwọ náà lo ti omi mọ́ wa? Abájọ! Wo ojú ẹ bí ẹni tí ò wẹ̀." Mo ní, "Mà, èmi náà ò rómi wẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bú mi sí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ké ìṣirò mi síta. "Ẹ̀jọ o! Ẹ̀sán-án o!" Bí àgbà bá ti gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ọwọ́ mi dí, á dúró kí n kà á tán kó tó kí mi. Àwọn ìyá mìíràn a tiẹ̀ máa bá mi kà á. Bí mo bá kà á tán, n ó wá dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ọ̀pá irin kan tún wà, tí a ń gbé lé orí páìpù, tí a ń fi etí lé. Omi tó ń lọ jẹ́jẹ́ ń mí bí ọmọ tó sùn. Ibi tó ń jò ń ṣe ṣìì. Bí ẹnì kan bá so ẹ̀rọ ìfami mọ́ páìpù ìjọba láti fi fa omi gbogbo àdúgbò sínú táǹkì tirẹ̀, á máa kùn bí agbọ́n. Òfin kò gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bí Ọ̀gá Múdà bá ti gbọ́ kíkùn yẹn, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ayùn ló máa mú jáde. Ìyá ẹ ni o, bàbá ẹ ni o, á gé e.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fún ní ọ̀nà rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Òpópónà kan wà ní Muṣin tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn onílé ńlá wà lókè, àwọn ayálégbé tí yàrá wọn kún wà nísàlẹ̀. Omi ti ń dínkù nígbà náà. Bàbá kan wà lókè, ọmọ ìlú mi ni, Ìjẹ̀ṣà ni wá. Bàbá Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé, ẹ̀rọ ìfami tuntun wà nílẹ̀.

"Ọmọ wa, ìwọ lo mọ páìpù. Bá mi so nǹkan yìí mọ́ ọn."

"Bàbá, a kì í ṣe é, sà."

"Ta lò ń sọ fún pé a kì í ṣe é? Èmi tí mo jókòó níbi tí wọ́n ti sọ ẹ́ lórúkọ?"

Ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ òkò lù. "Ọmọ ayé òde òní," ó ní.

Ẹ má rò pé owó ló bà mí jẹ́ o. Mi ò gba kọ́bọ̀. Ọ̀wọ̀ ló bà mí jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, mo sì so ó. Kí oṣù tó parí, ilé mẹ́rin mìíràn lókè ti so tiwọn. Ta ni mo fẹ́ mú? Bí ìjàpá bá jí iṣu, tó sì wá ń ṣọ́ oko, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Nísàlẹ̀ òpópónà yẹn, aránṣọ kan wà, Àǹtí Ràbì. Ẹ̀gbọ́n ni fún mi. Gbogbo ọjọ́ tí mo bá ní omi láti ṣí níbẹ̀, á gbé àpótí kékeré jáde kí n fi jókòó, á wá ní, "Fáàfù, jókòó kí egungun ẹ sinmi, irin yẹn ti tẹ ẹ́ dorí kodò." Ó máa ń yẹ̀yẹ́ mi pé ṣòkòtò mi ò ní bọ́tìnnì kan tó pé, á sì rán an fún mi lórí ìdúró.

Oríkèé páìpù kan wà lọ́nà ìsàlẹ̀ náà tó ti là, inú gọ́tà ló sùn sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ìwé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n fún mi ní oríkèé mìíràn. Wọ́n ní ìwé náà ti dé. Ìwé dé, oríkèé ò dé.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, ìlànà ni pé kí n ti ìsàlẹ̀ láàárọ̀, kí òkè lò, kí n wá ṣí ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ márààrún lókè ń fa. Fáàfù ọ̀hún ti gbó, kì í dé tán mọ́. Páìpù ìsàlẹ̀ gbẹ, wọ́n sì tún ń fà á lẹ́nu, ló bá fi oríkèé tó là yẹn mu gọ́tà. Ohun tí Ọ̀gá Múdà sọ fún mi lẹ́bàá gọ́tà ló ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Lọ́sàn-án mo ṣí omi. Àǹtí Ràbì gbé ife wá.

"Fáàfù, gbóòórùn omi yìí. Ó ń rùn díẹ̀."

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo gbóòórùn. Ọkàn mi sọ ọ́, ẹnu mi kọ̀. Mo ní, "Ìpẹtà páìpù ni, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀." Ó jẹ́ kó ṣàn díẹ̀. Ó pọn ún kún dírọ́ọ̀mù rẹ̀.

Àrùn onígbáméjì kò fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó gba àwọn mìíràn náà nísàlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo wí fún pé kó mu ún. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì dé, tí wọ́n fi aṣọ bo imú, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀: pé àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìmọ́tótó! Àwọn tó ń gbá ojúlé wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́! Mo sọ̀rọ̀ nípa oríkèé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé. Mo mú ayùn, mo gun òkè, mo gé gbogbo ẹ̀rọ náà, bẹ̀rẹ̀ láti ilé Bàbá Ìjẹ̀ṣà. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Èmi náà kò bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Páìpù oníke dé, kò gba ọ̀pá ìgbọ́hùn, kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n mú àpótí kan wá tó ń fi nọ́ńbà hàn, bátìrì rẹ̀ kú, kò sẹ́ni tó ra òmíràn. Wọ́n da ọ̀dà bo títì, wọ́n dà á bo ọmọrí fáàfù mi mọ́ ọn, mò ń fi irin kan ilẹ̀ wá a kiri bí ẹni tó sọ òrùka nù. Nígbẹ̀yìn, omi náà kò wá mọ́. Olówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tálákà ń ra omi kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke kiri. Mo fẹ̀yìn tì nígbà tí kò sí ohun tí mo lè ṣí.

Ẹ wá gbọ́ ti eré. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún páìpù òpópónà Muṣin yẹn ṣe. Wọ́n ní omi yóò máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó wá: àwọn lańlọ́ọ̀dù òkè fẹ́ kí ẹgbẹ́ àdúgbò fọwọ́ sí i kí oníkálukú so ẹ̀rọ ìfami. Àwọn kan tó ń ṣèrànwọ́ fún àdúgbò wá ní kí wọ́n má jà, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré orí tábìlì kan, bí ayò, tí yóò fi hàn wọ́n bí omi ṣe ń wọ́n àti bí a ṣe lè pín in, kí wọ́n tó dìbò. Wọ́n gbé iṣẹ́ eré náà fún àwọn ọ̀dọ́ kan ní Yábàá. Tọ́láni ni olórí wọn, ọmọ tó kàwé, tó mọ̀wà hù. Ó kúnlẹ̀ kí mi nílé mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ wá bá wa dán an wò."

Inú mi dùn. Mo wọ bùbá tuntun. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Yábàá ni, ó tutù bí ọyẹ́. Wọ́n ya òpópónà sórí tábìlì, òkè àti ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù ni omi. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ibi tó máa ṣe. Wọ́n fún èmi ní káàdì òṣìṣẹ́ omi. Mo wò ó: ọkùnrin kan tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tó na ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ta nìyí?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Káyọ̀dé dáhùn, "Ẹ̀yin nìyẹn, sà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣe táǹkì á ju ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀, èmi á pín in, oníkálukú á mú káàdì. Káyọ̀dé ló wà lókè. Ó mú káàdì ẹ̀rọ ìfami, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ó mú òmíràn. Ó mú ẹ̀kẹta, ó ń jó lórí àga. Ọmọbìnrin tó wà nísàlẹ̀ kò ní ìlẹ̀kẹ̀ kankan mọ́. Kí ni ìjìyà rẹ̀? Wọ́n yọ àmì méjì, wọ́n ní kó fo ìgbà kan. Eré parí. Àmì Káyọ̀dé ló pọ̀ jù. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Ta ló kú?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Mo ní ta ló kú? Ẹ̀rọ mẹ́ta ń fa lókè, mo ti fáàfù ìsàlẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tán níbẹ̀. Òkú dà?"

"Bàbá, eré ni," Káyọ̀dé ní. "Ẹnikẹ́ni ò kú nínú rẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ pa á rẹ́ ni, àbí ẹ ò mọ̀?"

Tọ́láni ní kí àwọn yòókù jáde. Ó jókòó tì mí, ó sọ òótọ́ fún mi, mo yìn ín fún ìyẹn. "Bàbá, nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣe é, àwọn èèyàn ń kú nínú rẹ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ní ó ń ba àwọn èèyàn nínú jẹ́, pé ká yọ ọ́."

Ẹ gbọ́ o! Ó ń bà wọ́n nínú jẹ́! Àwọn tí wọn kò mu ún rí, tí wọn kò sin ẹnikẹ́ni, wọn ò fẹ́ kí inú wọn bàjẹ́ lórí tábìlì. Wọ́n sì ń gbé tábìlì yẹn lọ síwájú àwọn tí wọ́n máa dìbò lórí ọ̀fun àwọn ará ìsàlẹ̀! Bí onílé bá fi ẹ̀rọ mẹ́ta borí nínú eré lọ́jọ́ Sátidé, kí lẹ rò pé ó máa rà lọ́jọ́ Ajé?

Tọ́láni ní, "Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣirò wa ni pé ẹ̀rọ ń mú omi pọ̀ sí i. Kò parọ́."

"Kò parọ́. Ó kàn dákẹ́ ní ìdajì ni. Ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́jọ́ Alámìísì wọ́n á fi omi dán páìpù yẹn wò. Wá bá mi níbẹ̀."

Ó wá, nínú oòrùn ọ̀sán. Mo mú un lọ sí ìsàlẹ̀, sí ilé tí Àǹtí Ràbì ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Sàídá, ló wà níbẹ̀ báyìí, òun náà ń ránṣọ. Omi ti wá lókè, wọ́n ti fáàfù ìsàlẹ̀, kò tíì kàn wá. Mo ní kí Tọ́láni ṣí ẹ̀rọ omi tó wà lójúde. Kò sí ẹ̀kán kan.

"Fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ dí ẹnu rẹ̀."

Ó fi dí i. Ó dúró. Ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Bàbá, ó ń fà mí! Ó ń fa ọwọ́ mi!"

Sàídá kò dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ó ń fà ẹ́, àbí? Ẹnì kan ti so tirẹ̀ lókè nìyẹn, láì dúró de ìpàdé. Bó ṣe fa ìyá mi náà nìyẹn."

Tọ́láni fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé nǹkan kan máa wà níbẹ̀. Mo sìn ín dé ibùsọ̀ ọkọ̀. Níbẹ̀ ló ti ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ṣẹlẹ̀ kí ọ̀kan tó pa èèyàn?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ fi sínú eré pé ẹ ò mọ̀."

Ohun tí a ṣe nìyẹn. A fi ìlẹ̀kẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sínú àpò dúdú pẹ̀lú àwọn búlúù. Bí ẹ̀rọ bá ń fa lókè nígbà tí fáàfù ìsàlẹ̀ wà ní títì, inú àpò yẹn ni ará ìsàlẹ̀ yóò ti mú omi rẹ̀, láì wò ó; bó bá mú pupa, ẹnì kan ti kú nílé rẹ̀. Oníkálukú gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ sórí àwọn ọmọ eré tó dúró fún wọn lórí tábìlì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi káàdì kan kún un fún òṣìṣẹ́ omi, "Àgbà ìlú rẹ ní kí o so ẹ̀rọ," nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo sì ní kí wọ́n pa ikùn yẹn rẹ́. Káyọ̀dé ló tún un yà, ó tọrọ gáfárà. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn bínú. Tọ́láni ní kí wọ́n wá fi ọwọ́ dí ẹnu ẹ̀rọ omi ná. Wọn ò wá, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Muṣin kún. Alága ẹgbẹ́ àdúgbò ló mú òkè, ọkùnrin aláwàdà kan, kò tó mi lọ́jọ́ orí. Sàídá mú ìsàlẹ̀. Alága ra ẹ̀rọ níbẹ̀rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó bá ń tijú kó máa lọ pọn kànga." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ra ìkejì. Èmi ti ìsàlẹ̀, bí eré ṣe wí. Sàídá ki ọwọ́ bọ àpò, búlúù ni. Wọ́n hó yèè. Ìgbà kejì, búlúù. Ìgbà kẹta, pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ó ní láti mú ọmọ eré kan kúrò, kó sì ka orúkọ tó kọ sí i. Mo ti rò pé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló kọ.

Ó ní, "Ràbìátù. Aránṣọ."

Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan mí kanlẹ̀. Alága ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, eré ni o, ẹ má sọ ọ́ di ilé òkú." Sàídá wò ó. "Ilé wa ni, Alága. Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní eré."

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má so ẹ̀rọ pọ̀ ju ọwọ́ kejì lọ dáadáa. Alága pàápàá nawọ́ sókè pẹ̀lú wọn. Wọ́n ya fọ́tò. Tọ́láni sunkún díẹ̀, ó ní atẹ́gùn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni omi kọ́kọ́ wá gan-an. Mo jáde láàárọ̀, mò ń rìn gba òkè òpópónà náà, kò sí ohun tí mò ń wá. Lẹ́yìn ògiri Alága, mo gbọ́ ọ. Ó ń kùn.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo ronú pé mo ti fẹ̀yìn tì, pé ìbò ti parí, pé ìpàdé mìíràn ń bọ̀. Mo kan géètì. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣí i, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀.

"Bàbá Fáàfù! Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé kò sí?"

"Alága, ẹ pa á."

"Ẹ pa kí ni?"

"Ẹ nawọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Mo rí ọwọ́ yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá, ìdajì wákàtí péré ni. Táǹkì kékeré ni. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń yọ ara yín lẹ́nu? Ìjọba ti fún yín ní ìsinmi. Ta ló rán yín?"

Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọ́fíìsì kò mọ̀ mí mọ́. Mi ò ní ayùn, mi ò ní ìwé àṣẹ. Mo kàn wọ inú géètì náà, mo jókòó sórí ìpìlẹ̀ táǹkì rẹ̀, mo fọwọ́ lẹ́rán. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí àgbàlagbà máa jókòó sórí sìmẹ́ǹtì láàárọ̀. Alága bínú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bínú. Nígbà tó yá, ó wọlé, kíkùn náà sì dákẹ́.

Gbogbo ọjọ́ omi ni mò ń lọ jókòó síbẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ti ń fi mí ṣẹ̀sín ládùúgbò, ó ní mo ti di ọlọ́dẹ òun tí òun kì í sanwó fún. Nísàlẹ̀, Sàídá ń pọn omi tó mọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ti ń dùn mí, lọ́jọ́ kan n kò ní lè gun òkè yẹn mọ́. Ìwọ tó ò ń wá iṣẹ́ tó o máa ṣe, tó o ti gbọ́ gbogbo èyí, ta lò ń dúró dè kó rán ọ?